Ọ̀dọ́ àti ìgbáròkó àtọwọ́dá: kí ni iṣẹ́ abẹ náà ń ṣe, ọdún mélòó ni ó sì ń lò?

Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ní ibùdókọ̀ Agric ní Ìkòròdú, nígbà tí èrò bá tò fún ọkọ̀ BRT tí yóò gbé wọn lọ sí ìhà Mile 12, kò ṣòro láti rí ọ̀dọ́ tí kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún tí ó ń tiro, tí ó fi ọwọ́ kan di ìbàdí mú, tí ó sì ń dúró kí àwọn yòókù kọ́kọ́ gòkè kí wọ́n má baà tì í ṣubú. Àwọn àgbàlagbà a wò ó, wọn a mi orí. Ẹnì kan a ní ọ̀kadà ló gbá a, ẹlòmíràn a ní ọwọ́ ayé ni. Nígbà tí àbúrò mi obìnrin wà ní ipò yẹn, a gbọ́ ọ̀rọ̀ méjèèjì, a sì gbọ́ ẹ̀kẹta tí ó dùn wá jù wọ́n lọ: dókítà kan sọ fún un pé ìgbáròkó rẹ̀ ti bàjẹ́ pátápátá, pé pípààrọ̀ rẹ̀ nìkan ni ó kù, ṣùgbọ́n kí ó lọ fara dà á títí yóò fi pé ọmọ àádọ́ta ọdún, nítorí pé ọ̀dọ́ ni. Ọmọ ọdún 26 ni nígbà náà.

Ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti ìkà, ó sì nídìí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí àwọn dókítà eegun gbà ni pé àgbàlagbà ni a ṣe ìgbáròkó àtọwọ́dá fún, nítorí pé ohun tí ọwọ́ ènìyàn bá ṣe a máa gbó, àti pé ẹni tí ó gbà á ní ọmọ ọdún 70 lè má lò ó gbó kí ọlọ́jọ́ tó dé, nígbà tí ẹni ọdún 25 yóò ti lò ó gbó kí ó tó di àgbà. Láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, ohun èlò náà ti dára sí i, àkọsílẹ̀ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí wọ́n ṣe é fún sì ti gùn tó láti fi ṣe ìdájọ́. Síbẹ̀, ìmọ̀ràn àtijọ́ ṣì ń lọ láti ẹnu dé ẹnu, àwọn ẹbí sì ń gbà á bí àṣẹ. Irú ẹbí bẹ́ẹ̀ ni mo kọ àlàyé yìí fún.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ìgbáròkó ṣe ń ṣiṣẹ́, kí ó ronú nípa ọmọ odó nínú odó. Orí eegun itan rí rọ̀bọ̀tọ̀, ó wọ inú ihò kan ní eegun ìbàdí, kérékéré tí ń dán sì bo ojú méjèèjì kí wọ́n lè máa yí láìha ara wọn. Àwọn iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí orí eegun yìí tóóró, wọn kò sì pọ̀. Bí ọ̀nà wọn bá dí, apá ibẹ̀ nínú eegun a kú. Eegun tí ó kú kì í sábà wó lọ́jọ́ kan náà. Ó lè gba oṣù mélòó kan tàbí ọdún, kí ó tó rì wọlé lábẹ́ ìwúwo ara, bí igbá tí ènìyàn jókòó lé lórí. Láti ọjọ́ náà, ohun tí ó rí rọ̀bọ̀tọ̀ ti di pẹlẹbẹ, kérékéré a bẹ̀rẹ̀ sí í fá, eegun a sì máa ha eegun ní gbogbo ìṣísẹ̀.

Lára ẹni tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, yálà SS tàbí SC, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa a máa tẹ̀ bí dòjé, a máa le, a sì máa há sínú àwọn iṣan tóóró wọ̀nyẹn. Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń bí ọmọ tí ó ní àrùn yìí jù lọ ní gbogbo ayé. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú díwọ̀n wọn sí nǹkan bí 150,000 lọ́dọọdún. Nígbà àwọn ìyá wa àgbà, púpọ̀ nínú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni kì í gbé, àwọn kan ni a sì ń pè ní àbíkú. Lónìí, àwọn tí ń dàgbà, tí ń lọ sí yunifásítì, tí ń ṣiṣẹ́, tí ń fẹ́ ìyàwó, ti pọ̀ sí i. Ìgbà ọ̀dọ́ ni ìgbáròkó wọn sì sábà máa ń bàjẹ́. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ tí àwọn òyìnbó ń sọ nípa àwọn arúgbó wọn fi jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa.

Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ SS nìkan ló ń fà á. Ìjàm̀bá ọ̀kadà ní ọ̀nà Ìkòròdú sí Ṣágámù lè mú kí orí eegun itan yẹ̀ kúrò nínú ihò rẹ̀ tàbí kí ọrùn rẹ̀ ṣẹ́, kí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ sì já. Bí ìgbáròkó bá yẹ̀, ó yẹ kí a dá a padà sójú ihò láàárín wákàtí 6, nítorí pé bí ó bá ṣe ń pẹ́ síta ni ewu pé eegun yóò kú ṣe ń pọ̀ sí i. Ẹni tí wọ́n bá sì kọ́kọ́ gbé lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń to eegun, tí ó lo ọ̀sẹ̀ méjì níbẹ̀ kí ó tó dé ilé ìwòsàn, ti pàdánù àkókò tí kò ṣe é rà padà. Oògùn bíi prednisolone àti dexamethasone, tí àwọn kan ń rà ní ilé kẹ́míìsì láìgba ìwé dókítà, tí àwọn ọ̀dọ́bìnrin kan tilẹ̀ ń lò kí wọ́n lè sanra, lè pa eegun yìí bí wọ́n bá lò ó pẹ́ tàbí tí wọ́n lò ó jù. Ọtí líle tí a ń mu lójoojúmọ́ náà lè ṣe é.

Ìrora rẹ̀ máa ń tan ènìyàn jẹ. Ó sábà máa ń wà ní abẹ́nú, ní ibi tí itan ti pàdé ara, ó sì lè sọ̀ kalẹ̀ dé orúnkún, débi pé orúnkún ni wọn yóò máa fi òróró pa fún ọdún kan gbáko. Fọ́tò X-ray kì í fi nǹkan kan hàn ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ MRI ló ń tètè rí i. Nígbà tí orí eegun kò bá tíì wó, àwọn dókítà kan a máa lu ihò sí i láti dín ìfúnpá inú rẹ̀ kù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwádìí kan tí wọ́n ṣe fún àwọn aláìsàn SS ní Amẹ́ríkà, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2006, rí i pé lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, àwọn tí wọ́n lu ihò fún, tí wọ́n sì tún ṣe físíò, kò sàn ju àwọn tí wọ́n ṣe físíò nìkan lọ. Nígbà tí ó bá sì ti wó, kò sí àgbo, kò sí ìfọwọ́ra, kò sí oògùn kankan tí yóò mú un rí rọ̀bọ̀tọ̀ padà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pípààrọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Nínú iṣẹ́ abẹ náà, dókítà yóò gé orí eegun tí ó bàjẹ́ kúrò, yóò ki ọ̀pá irin kan bọ inú eegun itan, yóò fi orí tuntun tí a fi irin tàbí tánganran ṣe dé e, yóò sì fi ago kan sínú ihò ìbàdí, tí a fi ike líle tàbí tánganran tẹ́ inú rẹ̀. Àwọn kan ni a ń fi sìmẹ́ǹtì eegun lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, àwọn kan ni a ń kì bọ̀ ọ́ kí eegun fúnra rẹ̀ hù mọ́ wọn lára.

Ìgbésẹ̀ tí ó sọ iṣẹ́ abẹ yìí di ohun tí ó ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé ni èyí tí John Charnley gbé ní 1962 ní ilé ìwòsàn Wrightington ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣáájú ìgbà náà, ó ti lo Teflon fún nǹkan bí 300 ìgbáròkó, gbogbo rẹ̀ sì jẹ kíákíá débi pé ó ní láti tún ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ṣe láàárín ọdún díẹ̀. Ike mìíràn tí ó le jù ú lọ, polyethylene, ni ó wá bọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ike yìí náà ń jẹ, díẹ̀díẹ̀. Ènìyàn máa ń gbé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ìgbà lọ́dún, ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ yá a sì máa ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ní gbogbo ìgbésẹ̀, lẹ́búlẹ́bú tí ojú kò lè rí ń já kúrò lára ike. Àwọn ọmọ ogun ara a gbéjà ko lẹ́búlẹ́bú náà, nínú ìjà yẹn ni wọ́n ti ń jẹ eegun tí ó yí irin ká, irin a sì dẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ìdí nìyí tí Charnley fúnra rẹ̀ kò fi fẹ́ máa ṣe é fún àwọn tí ọjọ́ orí wọn kéré. Ó mọ ohun tí ń bọ̀.

Láti ìparí àwọn ọdún 1990, wọ́n ti ń fi ìtànṣán so okùn inú ike náà pọ̀ mọ́ra wọn kí ó tó di ago, lẹ́búlẹ́bú tí ń já kúrò lára rẹ̀ sì ti dín kù púpọ̀púpọ̀. Àyípadà yìí ṣe pàtàkì fún ọ̀dọ́ ju gbogbo ìpolówó tí ilé iṣẹ́ ń ṣe lọ. Mo sọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé kì í ṣe gbogbo ohun tuntun ló dára: ní àárín ọdún 2000 sí 2010, wọ́n polówó ìgbáròkó tí irin ń yí lórí irin fún àwọn ọ̀dọ́ tí ń ṣeré ìdárayá, wọ́n ní kò ní gbó. Lẹ́búlẹ́bú irin ni ó ń já sínú ẹran ara wọn. Ní 2010, ilé iṣẹ́ DePuy kó irú kan tí wọ́n ń pè ní ASR kúrò lọ́jà káàkiri ayé. Bí wọ́n bá ní kí ẹ yàn láàárín èyí tí ó tuntun jù àti èyí tí a ti mọ ìṣe rẹ̀ fún ọdún 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tí a ti mọ ìṣe rẹ̀ ni kí ẹ mú.

Ọdún mélòó gan-an ni ó ń lò? Ìwé ìwádìí ìṣègùn Lancet gbé èsì kan jáde ní 2019 tí wọ́n kó jọ láti inú àkọsílẹ̀ gbogbogbòò ilẹ̀ Australia àti Finland, lórí ìgbáròkó tí ó lé ní 200,000. Wọ́n rí i pé lẹ́yìn ọdún 15, nǹkan bí 89 nínú 100 ṣì wà níbẹ̀ láìtíì tún un ṣe. Lẹ́yìn ọdún 20, nǹkan bí 70. Lẹ́yìn ọdún 25, nǹkan bí 58. Àwọn tí ó pé ọdún 25 nínú àkọsílẹ̀ yẹn, ohun èlò ayé àtijọ́ ni wọ́n lò, nítorí náà a lè retí pé ti òde òní yóò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn jẹ́ àgbàlagbà, àgbàlagbà kì í sì í rìn bí ọ̀dọ́. Èsì mìíràn tí ìwé kan náà gbé jáde ní 2017 láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́ gbé yàtọ̀: ẹni tí ó bá pààrọ̀ ìgbáròkó tàbí orúnkún lẹ́yìn ọdún 70, nǹkan bí 5 péré nínú 100 ni yóò tún padà wá fún òmíràn kí ó tó kú, lára àwọn ọkùnrin tí ó ṣe é ní ìbẹ̀rẹ̀ àádọ́ta ọdún wọn, iye náà lè tó 35 nínú 100. Tí a bá wá sọ̀ kalẹ̀ sí ọmọ ọdún 26, kí á má ṣe tan ara wa jẹ. Bí ẹ̀mí rẹ̀ bá gùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé yóò tún ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i.

Àwọn orílẹ̀-èdè àríwá Yúróòpù tilẹ̀ ti kó àkọsílẹ̀ àwọn tí kò tíì pé ọmọ ọdún 21 jọ, ó lé ní 800 ìgbáròkó, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2019: lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, nǹkan bí 86 nínú 100 ṣì ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka iye yìí, ohun tí mo rò ni pé mẹ́rìnlá ti bàjẹ́. Àbúrò mi kà á, ó sì sọ fún mi pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ọdún mẹ́wàá tí èèyàn ń sùn lóru ni ẹ̀ ń wò yẹn.” Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé ojú tí aláìsàn fi ń ka iye yàtọ̀ sí ojú tí a fi ń kà á níta.

Fún àwọn tí ó ní ẹ̀jẹ̀ SS, ìtàn náà ní apá tirẹ̀. Àwọn ìròyìn àkọ́kọ́ ní àwọn ọdún 1980 bani nínú jẹ́. Irin ń dẹ̀, kòkòrò àrùn ń wọ ojú iṣẹ́, àwọn dókítà kan sì ń bi ara wọn léèrè bóyá ó tilẹ̀ yẹ kí á máa ṣe é fún wọn. Eegun wọn a máa ṣe iṣẹ́ dókítà le: ní ibì kan ó le bí òkúta tí inú rẹ̀ sì ti dí, ní ibòmíràn ó fẹ́lẹ́ débi pé irinṣẹ́ lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde. Ara wọn kì í lè bá kòkòrò àrùn jà dáadáa, pàápàá irú kòkòrò tí ń fa tááfọ́ọ̀dù àti àwọn ẹbí rẹ̀, tí ó fẹ́ràn láti máa fara pamọ́ sínú eegun wọn. Ṣùgbọ́n ní 2008, Philippe Hernigou àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé gbé ìròyìn aláìsàn SS tí ó lé ní 200 jáde, tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ nǹkan bí ọdún 32 ní ìpíndọ́gba. Wọ́n tẹ̀ lé wọn fún nǹkan bí ọdún 13 ní ìpíndọ́gba, èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ìgbáròkó náà ṣì wà ní ipò rẹ̀, àwọn tí kòkòrò àrùn wọ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 3 nínú 100.

Ìmúra sílẹ̀ ni ó ya àwọn wọ̀nyí sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn ti ìṣáájú. Ní 2013, èsì ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Netherlands àti Kánádà fi hàn pé tí a bá fa ẹ̀jẹ̀ sí aláìsàn SS lára kí ó tó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, wàhálà ńlá tí ó bá wọn jẹ́ 15 nínú 100, nígbà tí ó jẹ́ 39 nínú 100 lára àwọn tí a kò fà á sí lára. Omi gbọ́dọ̀ tó lára wọn, otútù kò gbọ́dọ̀ mú wọn, afẹ́fẹ́ kò gbọ́dọ̀ wọ́n wọn. Eyín tí ó ti jẹrà àti egbò ẹsẹ̀ tí kò jinná gbọ́dọ̀ gba ìtọ́jú ṣáájú. Nítorí náà, dókítà eegun nìkan kò tó. Dókítà ẹ̀jẹ̀ àti ẹni tí ń fúnni ní oògùn oorun gbọ́dọ̀ jọ jókòó sọ̀rọ̀ lórí aláìsàn náà. Ilé ìwòsàn tí ó bá ní òun yóò ṣe é fún SS lọ́la, láìbéèrè ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀, ẹ dìde níbẹ̀. Láti Ìkòròdú, ọ̀nà kò jìn sí àwọn ilé ìwòsàn ńlá tí irú àwọn dókítà bẹ́ẹ̀ wà: ilé ìwòsàn eegun ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìgbóbì láti 1945, ilé ìwòsàn yunifásítì wà ní Ìdí-Àràbà, ti ìpínlẹ̀ sì wà ní Ìkẹjà.

Kí ni aláìsàn ń jèrè? Ìrora tí ó wà láàárín eegun sí eegun máa ń lọ, ó sì sábà máa ń lọ kíákíá débi pé ó ń ya àwọn fúnra wọn lẹ́nu. Ìrora kiráìsìsì, ìyẹn ìrora líle tí àrùn náà ń mú wá lójijì, kò bá a lọ o, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ wọn kò yí padà. Ẹbí tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí lè rò pé iṣẹ́ abẹ kò jẹ́. Ẹsẹ̀ tí ó ti kúrú lè gùn padà, ìtiro a dín kù bí àwọn iṣan ẹran ìbàdí bá ṣe ń lágbára. Obìnrin tí ó ní ìgbáròkó àtọwọ́dá lè lóyún, ó sì lè bímọ láti ojú ara bí kò bá sí ìdí mìíràn tí kò fi ní í lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè yìí ni àwọn ọ̀dọ́bìnrin ń tijú láti bi dókítà, tí àwọn ìyá ọkọ sì ń béèrè lẹ́yìn wọn, nítorí náà mo kọ ọ́ síbí kí gbogbo ènìyàn lè kà á.

Ohun tí kò sí nínú ìwé tí wọ́n ń fún aláìsàn ní òkè òkun ni bí a ṣe ń gbé ayé níhìn-ín. Ewu tí ó tóbi ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni kí orí tuntun yẹ̀ kúrò nínú ago rẹ̀. Wọn a ní kí aláìsàn má ṣe tẹ̀ kọjá ìwọ̀n tí ènìyàn fi ń jókòó lórí àga gíga, kí ó má gbé itan kan kọjá èkejì, kí ó má sì yí ọmọ ìka ẹsẹ̀ sínú. Ẹ wá wò ó: ṣáláńgá tí a ń lóṣòó sí wà ní ọ̀pọ̀ ilé ní Igbógbó àti Ìmọ́tà, orí àpótí kékeré ni a ń jókòó sí fọṣọ, tí a ń jókòó sí dáná, tí a sì ń jókòó sí tajà, onílé a bẹ̀rẹ̀ gbálẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ kúkúrú, Mùsùlùmí a foríkanlẹ̀ nínú ìrun márùn-ún lójúmọ́. Gbogbo rẹ̀ ni ó ń tẹ ìgbáròkó kọjá ìwọ̀n. A ní kí káfíńtà kan ṣe àga oníhò fún ìgbọ̀nsẹ̀ àbúrò mi, ó gùn ju àga ilé lọ díẹ̀, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó iṣẹ́ abẹ. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù gba aláìsàn láyè láti jókòó sórí àga kí ìrun, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀.

Ti ìkíni ló nira jù. Ìkúnlẹ̀ tí ara dúró ṣánṣán kò léwu tó ìlóṣòó, ṣùgbọ́n àtisọ̀ kalẹ̀ àti àtidìde ni ẹsẹ̀ fi ń yí lójijì, ìdọ̀bálẹ̀ sì tún le ju ìyẹn lọ. Ọmọ Yorùbá tí ó bá dúró gbagidi níwájú àgbà, láìsí àlàyé, wọn yóò sọ pé a kò kọ́ ọ nílé. Nígbà tí ìdána àbúrò mi ń bọ̀, ìyá wa rán ẹnì kan sí àwọn àna wa ṣáájú, ó ní kí wọ́n má bínú, pé ọmọ àwọn yóò tẹrí ba ni, kò ní kúnlẹ̀. Alága ìdúró fúnra rẹ̀ ni ó gbé àga wá fún un, tí ó sì ṣàlàyé fún gbogbo ìjókòó. Baba ọkọ rẹ̀ súre fún un lórí àga náà.

Ọ̀kadà gígùn kò dára fún un, nítorí ìṣubú. Bọ́ọ̀lù gbígbá, sísáré àti ẹrù rírù kì í jẹ́ kí ike pẹ́. Rírìn dára, wíwẹ̀ nínú odò dára nígbà tí ojú ọgbẹ́ bá ti jinná pátápátá. Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ ẹja ní Báyékù tàbí tí ó ń kó ẹrù ní ọjà Sábó yóò ní láti ronú nípa iṣẹ́ mìíràn, kí ẹbí sì bá a ronú nípa rẹ̀ kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé.

Mo fẹ́ padà sí ọ̀rọ̀ ìdúró, nítorí pé ibẹ̀ ni àṣìṣe tí mo rí pọ̀ jù wà. A máa ń ka ọdún tí irin yóò lò, a kì í ka ọdún tí aláìsàn fi ń dúró. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, iṣan ẹran itan ń gbẹ, oríkèé ń gan, ẹ̀yìn àti orúnkún tí ń gba ẹrù tí kì í ṣe tiwọn ń bàjẹ́ tẹ̀ lé e, iṣẹ́ abẹ náà sì ń le sí i. Oògùn ìrora bíi ibuprofen àti diclofenac, tí wọ́n ń gbé mì lójoojúmọ́, ń ba kíndìnrín jẹ́, kíndìnrín ẹni tí ó jẹ́ SS kò sì lágbára tẹ́lẹ̀. Àwọn kan ti ibẹ̀ bọ́ sínú tramadol, tí wọn kò sì rí ọ̀nà jáde. Kí á tó wá sọ ti ilé ẹ̀kọ́ tí a fi sílẹ̀, iṣẹ́ tí a pàdánù, àfẹ́sọ́nà tí ó lọ. Èmi kò sọ pé kí gbogbo ọ̀dọ́ tí ìgbáròkó ń dùn sáré lọ gé e. Ẹni tí ó ṣì lè rìn, tí ó ń sùn lóru, tí físíò àti ọ̀pá ìtilẹ̀ ṣì ń ràn lọ́wọ́, ó dára kí ó tọ́jú ìgbáròkó tí Ọlọ́run fún un bí ó bá ti lè pẹ́ tó. Ṣùgbọ́n ẹni tí orí eegun rẹ̀ ti wó, tí kò lè sùn, tí kò lè ṣiṣẹ́, kí wọ́n má ṣe fi ọjọ́ orí nìkan dá a padà sílé. Bí dókítà kan bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ lọ bá ẹlòmíràn. Bí àwa náà ṣe ṣe nìyẹn.

Owó jẹ́ òkè ńlá nínú ọ̀rọ̀ yìí. Láti òkè òkun ni wọ́n ti ń kó ohun èlò náà wá, bí dọ́là bá ṣe lọ sókè ni òun náà ń bá a lọ, àwọn ẹbí sì sábà máa ń san án láti àpò ara wọn, láti àjọ, láti ilẹ̀ tí wọ́n tà. Ṣùgbọ́n ìgbà kejì, nígbà tí ti àkọ́kọ́ bá gbó, ni mo rò pé a kò ronú sí tó. Iṣẹ́ abẹ ìgbà kejì gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ẹ̀jẹ̀ tí ń dà níbẹ̀ pọ̀ jù ú, eegun tí yóò di irin tuntun mú ti dín kù, owó rẹ̀ ga jù ú, kì í sì í sábà pẹ́ tó ti àkọ́kọ́. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí dókítà tí ń ṣe ti àkọ́kọ́ fún ọ̀dọ́ ṣe é pẹ̀lú ìgbà kejì lọ́kàn, kí ó dá eegun sí bí ó bá ti lè dá a sí tó. Ó sì yẹ kí ẹbí bi í ní tààrà: irú iṣẹ́ yìí mélòó ni ẹ ti ṣe lọ́dún yìí, mélòó nínú wọn ló jẹ́ SS, ta ni yóò sì tún un ṣe bí ó bá dẹ̀? Dókítà tí ó mọṣẹ́ kì í bínú sí ìbéèrè yìí.

Ilẹ̀ Sweden ti ń kọ orúkọ gbogbo ìgbáròkó tí wọ́n bá pààrọ̀ sílẹ̀ láti 1979, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 2003, Màláwì tí kò lówó tó wa sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 2005. Àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó ń jẹ́ kí wọ́n mọ irin tí kò dára kí ó tó ba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn jẹ́. Níhìn-ín, aláìsàn gbọ́dọ̀ jẹ́ akọ̀wé ara rẹ̀. Ilé iṣẹ́ máa ń lẹ ìwé pélébé kan mọ́ páálí irin náà, orúkọ rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀ wà níbẹ̀; ẹ béèrè rẹ̀ kí wọ́n tó jù ú nù. Ẹ gba ẹ̀dà ìwé tí dókítà kọ nípa iṣẹ́ abẹ náà. Ẹ máa ya X-ray lóòrèkóòrè bí dókítà bá ṣe là á sílẹ̀, kódà bí kò bá sí ìrora, nítorí pé eegun lè máa jẹ lẹ́yìn irin fún ọdún púpọ̀ láìdunni, ọjọ́ tí ó bá sì dunni, eegun tí ó ṣẹ́ kù lè má tó mọ́.

Ọmọ ọdún 27 ni àbúrò mi nígbà tí wọ́n pààrọ̀ ti òsì. Ó ti pé ọdún mẹ́jọ báyìí, ó ti bí ọmọ kan, ti ọ̀tún sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún díẹ̀díẹ̀, bí ó ṣe sábà máa ń rí lára àwọn tí ó jẹ́ SS. Ìwé pélébé ti irin òsì wà nínú fáìlì kan náà pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí ìbí ọmọ rẹ̀. Ó ti fi àyè sílẹ̀ fún ìkejì.